Lẹ́tà Kejìlá sí Ilẹ̀kùn 417

Ọmọ mi Dìímú,

Mo kí ọ kú ọdún, mo kí ọ kú ìyèdún, mo sì kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta tó ti di ọdún mẹ́ta. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń sùn, ṣé ò ń jẹun, ṣé eyín apá òsì tó máa ń dùn ọ́ yẹn ti jẹ́ kí o gbádùn? Kí Ọlọ́run má fi ọ́ lé ẹni tí kò mọ iyì rẹ lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tí ò ń tẹ̀ má yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Kí ó má rẹ̀ ọ́ níbi tí kò ti sí ẹni tó máa bá ọ gbé ẹrù. Èmi náà wà, mo ń mí, ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀ nítorí àga ọkọ̀ tí mo jókòó lé wá síbí, ẹni tó kàn án kò mọ̀ pé èèyàn ní egungun ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n a dúpẹ́. Wàá rí i pé mi ò tíì sọ pé ìyá rẹ kí ọ. Mi ò gbàgbé. A máa débẹ̀.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, àyàfi òrùlé ìdáná tí atẹ́gùn ká lọ, mo sì ti kàn án padà fúnra mi. Ajá bí ọmọ mẹ́rin, a fún àwọn èèyàn ní mẹ́ta, èyí tó kù ń jẹ bàtà mi. Aládùúgbò wa tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ti ra fóònù, ó sì máa ń pariwo sínú rẹ̀ débi pé mo bi í pé tó bá lè pariwo tó báyìí, kí ló tún ń fi fóònù ṣe. Òun ni mo bẹ̀ pé kó bá mi pe nọ́ńbà tí o kọ sínú lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́. Ó pè é, ó ní obìnrin kan sọ pé nọ́ńbà náà kò sí mọ́. Mo ní èwo ni kò sí nínú wọn, nítorí mọ́kànlá ni wọ́n, mo sì ń rí gbogbo wọn lórí ìwé. Ó ní gbogbo wọn ni. Mo ní kó bi obìnrin náà léèrè ibi tí wọ́n kó wọn lọ, ó ní obìnrin yẹn kì í gbọ́ ìbéèrè, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ fún gbogbo èèyàn. Mi ò mọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ obìnrin náà dàgbà.

Bẹ́ǹṣì iṣẹ́ wà níbi tó wà. Láti ìgbà tí o ti lọ, kò sẹ́ni tó ń bá mi di òdìkejì pákó mú tí mo bá ń fi ayùn rẹ́ ẹ. Mo máa ń fi okùn so ó mọ́ òpó, ṣùgbọ́n òpó kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé ọ lórí pé dì í mú, dì í mú dáadáa, títí gbogbo àdúgbò fi gbà pé orúkọ rẹ nìyẹn.

Ìlú tí o wà ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Mo wá wò ọ́ ní Kérésì. Kí n sọ òótọ́, kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló gbé mi dìde, ìbínú wà níbẹ̀, ìbínú náà sì pọ̀ ju ìfẹ́ lọ nígbà tí mo ń wọkọ̀. Lẹ́tà mọ́kànlá ni mo kọ sí ọ, o kò fèsì ẹyọ kan, títí kan èyí tí ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ gbà kó dákẹ́. Mo ní màá débẹ̀, màá kan ilẹ̀kùn, tí o bá ti ṣí i, màá bi ọ́ pé kí la ṣe fún ọ. Mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ ahọ́n nínú ọkọ̀, ẹni tó jókòó tì mí rò pé mo ń ṣàìsàn, ó sún síwájú.

Àdírẹ́sì rẹ wà nínú àpò àyà mi, bí o ṣe kọ ọ́ sókè lẹ́tà rẹ méjèèjì: Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 417. Mo gbà pé 417 ni nọ́ńbà ilé, èyí tó kù sì ni orúkọ àdúgbò, torí àwọn ará ìlú ńlá máa ń sọ àdúgbò ní orúkọ tó bá wù wọ́n. Alárù kan níbùdókọ̀ wò ó, ó wò mí, ó kàn mú mi lọ síwájú ilé alájà mẹ́ta kan tó ní òpó funfun. Dìímú, inú mi dùn. Mo ní ọmọ káfíńtà ló ń gbé inú irú ilé báyìí. Mo tún fìlà ṣe, mo gbọn eruku ara mi, ìbínú náà tilẹ̀ fẹ́ rọlẹ̀ díẹ̀. Àfi ìgbà tí mo wọlé tí mo bá akọ̀wé kan lẹ́yìn gíláàsì, tí mo sọ fún un pé èmi ni bàbá 417. Ó na ọwọ́ sí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta.

Láti ìgbà tí mo ti ń kan ilẹ̀kùn, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ilẹ̀kùn irin kéékèèké, bí ẹgbẹ̀ta, wọ́n tò wọ́n láti ilẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ lè tó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ihò kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, àti gíláàsì kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Mo wá 417 rí. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó fẹ̀ ní íǹṣì mẹ́fà, ó ga ní mẹ́rin. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọmọ mi kò lè gba ibẹ̀ wọlé. Akọ̀wé náà jáde wá, ó fi sùúrù sọ fún mi pé lẹ́tà ló ń gbé ibẹ̀, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ló máa ń wá kó o. Mo ní ẹni náà fúnra rẹ̀ wá ń gbé níbo. Ó ní ìyẹn kò sí nínú ìwé òun. Mo ní ìwé wo ló wà fún ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀. Ó wá fún mi ní fọ́ọ̀mù àwọn tí ẹrù wọn sọnù lọ́nà.

Mo jókòó, mo kọ ọ́ dáadáa, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n dá a padà. Wọ́n bi mí pé kí ló sọnù, mo kọ ọmọ mi obìnrin. Wọ́n ní báwo ló ṣe gùn tó, mo kọ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mẹ́rin, mo sì ṣàlàyé pé orí àmì tó wà lára òpó ilẹ̀kùn wa ni mo ti mú un. Wọ́n ní báwo ló ṣe wúwo tó, mo kọ pé ìgbà tí mo gbé e kẹ́yìn, kò tó àpò ìṣó kan, àmọ́ kí wọ́n má gbára lé ìyẹn. Wọ́n ní ṣé ohun tó lè fọ́ ni. Mo ronú pẹ́ lórí èyí, nítorí o lágídí, ṣùgbọ́n mo fa igi sí ibi tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ ni sí. Wọ́n ní èló ni iye rẹ̀, mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, àyè tí wọ́n fún mi kéré sí ohun tí mo fẹ́ kọ. Akọ̀wé náà kà á tán, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní fọ́ọ̀mù náà kò ní ṣiṣẹ́ kankan, àmọ́ òun kò lè ṣe kí òun má lù ú ní òǹtẹ̀. Ó lù ú. Ó wà lọ́wọ́ mi níbí.

Mo wá ro ó pé kò tíì bàjẹ́. Bí o kò bá gbé inú ilẹ̀kùn yìí, o kúkú ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ọjọ́ kan ni wàá wá ṣí i, ta ni kì í sì í retí lẹ́tà ní Kérésì. Mo gba yàrá kan lókè ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta gílóòbù, mo sì ń wá jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ní gbogbo àárọ̀. Ó ku ọjọ́ méjì kí Kérésì dé. Iná aláwọ̀ oríṣiríṣi wà lójú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé igi kan síwájú ọ̀kan nínú wọn, mo fọwọ́ kàn án, kì í ṣe igi. Èrò ń kọjá tẹrùtẹrù. Mo kí wọn ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ títí ẹnu fi ro mí. Mẹ́ta ló dáhùn, mo sì wá rí i pé fóònù ni ọ̀kan nínú wọn ń dá lóhùn. N kò mọ̀ pé èèyàn lè pọ̀ tó báyìí kí oníkálùkù sì máa dá wà báyìí. Ó ṣe mí bíi kí n pariwo orúkọ rẹ láàárín títì, ojú ló tì mí.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ wá omi mu, mo sì rí àwọn èèyàn tí wọ́n tò lẹ́yìn ara wọn níwájú ògiri báǹkì kan. Tó bá kan ẹnì kan, á sún mọ́ ògiri, á tẹrí ba, á fi ọwọ́ kan bo ọwọ́ kejì, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àwọn tó kù á sì jìnnà sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ní ẹ wò ó, mo ti ń bú ìlú yìí, àṣé wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń gbàdúrà lójú títì. Mo ṣí fìlà, mo tò. Nígbà tó kàn mí, mo gbé orí lé ògiri náà, mo bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí n rí ọ kí n tó padà, kódà kó jẹ́ ẹ̀yìn rẹ ni màá rí láàárín èrò. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì lẹ́yìn mi bi mí pé káàdì mi dà. Mo ní mi ò mú káàdì wá, àdúrà nìkan ni mo wá gbà, mo sì ti parí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí ní ohun tí mo gbàdúrà fún, mo sọ fún un. Ó ní òun yóò pe bàbá òun lónìí. Lẹ́yìn náà ni ògiri fún un lówó, mo sì mọ irú àṣìṣe tí mo ṣe. Mo fẹ́ bi í bóyá ó mọ̀ ọ́, àmọ́ èrò ti gbé e lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wá síbi ògiri wa lójoojúmọ́. Tíṣà ni mo ń pè é, nítorí ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ níwèé kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló ni 418, ìyẹn ilẹ̀kùn tó kángun sí tìrẹ. Aago mẹ́wàá ló máa ń dé, pẹ̀lú táì lọ́rùn, á ṣí i, á wo inú rẹ̀, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, á fọwọ́ wá a dé ògiri ẹ̀yìn, á tì í, á sì fi áńkáṣíìfù nu ojú ilẹ̀kùn náà. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún un pé ìdè ilẹ̀kùn rẹ̀ ń fẹ́ epo, ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kó jókòó tì mí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn òkun. Ó ní fóònù méjì. Láràárọ̀ ló máa ń fi ọ̀kan pe èkejì láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Mo bi í pé ṣé ó ń ṣiṣẹ́. Ó ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ohun tó ń dun òun nìyẹn.

Ọjọ́ Kérésì gan-an, gbogbo ibẹ̀ tì, àmọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í tì. Èmi àti Tíṣà nìkan la wà níbẹ̀. Ó gbé búrẹ́dì àti sàdíìnì wá, ó tún gbé àwo méjì wá, ó ní kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni òun ń rí ẹni lo àwo kejì. A jẹun, a jiyàn lórí ẹni tó dàgbà jù, mo fi ọdún méjì jù ú lọ. Ó wá mú tọ́ọ̀ṣì jáde, ó fi wo inú tirẹ̀, ó ní kí n wo tèmi náà. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn rẹ, mi ò yọjú wò ó, torí kò dáa kí bàbá máa yọjú wo yàrá ọmọ rẹ̀ obìnrin. Àmọ́ mo gba tọ́ọ̀ṣì náà.

Àwọn lẹ́tà mi ni. Gbogbo wọn. O mọ̀ pé gọ́ọ̀mù pákó ni mo fi ń lẹ ẹnu àpò wọn, kì í tú, àmì rẹ̀ pọ́n létí wọn. Mo kà wọ́n, mọ́kànlá pé, wọ́n sùn lé ara wọn lórí, wọ́n kún ibẹ̀ dé òkè. Mo wá wo ihò kọ́kọ́rọ́. Akọ̀wé ti sọ fún mi pé ó lè jẹ́ pé o wá lọ́jọ́ tí òun kò sí níṣẹ́, àánú ló ṣe é. Káfíńtà ni mí. Ihò náà ti dógùn-ún, aláǹtakùn ti fi okùn dí i, kọ́kọ́rọ́ kankan kò wọ ibẹ̀ láti bí ọdún méjì.

Ọmọ mi, ìgbà yẹn ló yé mi pé o kò mọ̀. Ìyá rẹ ti kú. Ó di oṣù mẹ́rìnlá báyìí. Inú lẹ́tà keje ni mo kọ ọ́ sí, ó wà níbẹ̀, mo rí etí rẹ̀, mo kàn lè nàka sí i ni. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọmọ mi kọ̀, kò wá sin ìyá rẹ̀. Mo sọ ọ́ níwájú ajá, mo sọ ọ́ lẹ́bàá sàréè. Èmi fúnra mi ni mo kan pósí rẹ̀, kò sẹ́ni tó dì í mú fún mi lódìkejì, mo sì ń gégùn-ún fún ọ nínú ọkàn mi bí mo ṣe ń fi ayùn rẹ́ pákó náà. Ìbínú tí mo gbé wá láti ilé, mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí mọ́. Mo sunkún lójú Tíṣà. Ó pa tọ́ọ̀ṣì, ó ń wo títì, kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Irin tí mo fi ń tú nọ́ọ̀tì wà lápò mi. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta péré ló di ilẹ̀kùn yẹn mú, ìṣẹ́jú kan kò ní lọ sí i. Tíṣà ní wọ́n máa mú wa, ó tún ní òun á bá mi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo fi irin náà sí i, mo tún yọ ọ́. Lẹ́tà tí èèyàn bá ti fi ránṣẹ́ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, tìrẹ ni wọ́n. Mo kàn yọ okùn aláǹtakùn kúrò, mo da epo sí ihò kọ́kọ́rọ́ náà, kó má baà yọ ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ tí o bá dé.

Mi ò mọ ìdí tí o kò fi wá ṣí i. Mo ti ro ó títí. Mo rántí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ tí o ń lọ, pé tí ìlú ńlá kò bá sọ ọ́ di èèyàn, kí n má ṣe rí lẹ́tà rẹ. O kọ méjì, o dákẹ́. Tó bá jẹ́ torí ìyẹn ni, tó o bá wà ní yàrá kan nínú ìlú yìí tí ò ń dúró kó o tó di èèyàn, bàbá rẹ ló sọ ìsọkúsọ, ó ń tọrọ àforíjì. Máa bọ̀ bí o ṣe wà. Tó bá jẹ́ nǹkan míì tó burú ju ìyẹn lọ, mi ò fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tí lẹ́tà yìí máa gbà dé ọwọ́ rẹ nìyí. Akọ̀wé ní 417 ti kún, kò lè gba ìwé kankan mọ́. Tíṣà ló wá fi ìtìjú bi mí pé ṣé mi ò lè fi í sínú ti òun. Ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe ti òun, òun á tọ́jú rẹ̀, òun á máa wá láago mẹ́wàá, òun á sì fi í lé ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí o bá wá. Ó ní kí n má fi í síbẹ̀ níṣojú òun, kí òun lè ṣí i kí òun sì bá nǹkan nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, mo sọ fún un pé màá lọ lọ́la, òní ni màá lọ, màá sì fi lẹ́tà náà lé akọ̀wé lọ́wọ́ kó fi í sínú 418. Tó o bá rí ọkùnrin kan tó de táì, kí i dáadáa, kó o sì jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ tọrọ, torí lẹ́tà bàbá láti ilé kì í pé láìsí ìyẹn. Gbogbo owó tí mo ní kí o fi ránṣẹ́ nínú lẹ́tà mọ́kànlá yẹn, ti páànù, ti ayùn, ti oògùn ìyá rẹ, pa wọ́n tì, wọ́n ti kọjá. Owó ọkọ̀ ìpadàbọ̀ rẹ nìkan ni kí o wá, tí o kò bá sì rí i, wọkọ̀, mo máa san án níbi tí o bá ti sọ̀kalẹ̀. Nínú lẹ́tà kẹfà, wàá bá ìwé kan tí mo ká sí mẹ́rin. Ìyá rẹ fẹ́ kí o ra bàtà fún òun ní Kérésì, ó ní o kò mọ ìwọ̀n òun mọ́, ló bá gbé ẹsẹ̀ lé ìwé náà, mo sì fi pẹ́ńsù iṣẹ́ mi yí i po, ó ń rẹ́rìn-ín pé mo ń rín òun ní gìgísẹ̀. Má ra bàtà náà mọ́. Àmọ́ má sọ ìwé náà nù, torí àwa méjèèjì kò ní ẹsẹ̀ rẹ̀ míì.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi kò tó. Á fún ọ ní ẹni tó máa jókòó tì ọ́. Lọ́jọ́ tí o bá ṣí ilẹ̀kùn náà, má ti òkè bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni kí o ti kà wọ́n bọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, má kánjú. Nínú mẹ́fà àkọ́kọ́, ìyá rẹ kí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, káfíńtà.